Ọkùnrin Tó Ń Fi Wáyà Wọn Ẹ̀yìn

Awẹ̀yìn ni wọ́n ń pè é ní àdúgbò, nítorí pé kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ló máa ń wò. Bí o bá pàdé rẹ̀ lójú pópó tí o bá a sọ̀rọ̀, ó lè máà dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó rí ọ láti ẹ̀yìn lọ́dún tó ń bọ̀, láàárín èrò, á mọ̀ pé ìwọ ni. Ìnagijẹ náà kò dùn ún. Ó ní òótọ́ ni, òótọ́ kì í sì í ṣe èébú.

Àga ló ń kàn. Kì í kan tábìlì, kì í kan bẹ́ẹ̀dì, kì í kan ilẹ̀kùn. Obìnrin kan bẹ̀ ẹ́ títí pé kó kan àpótí aṣọ fún òun. Awẹ̀yìn ní àwọn ènìyàn kì í jókòó ti àpótí aṣọ. Obìnrin náà ní ọkọ òun máa ń fẹ̀yìn tì í tó bá ń wọ bàtà. Awẹ̀yìn rò ó, ó ní kí ọkọ wá, òun á kan àga tó máa fi wọ bàtà. Àga yẹn wà nílé wọn títí dòní. Aṣọ wọn ṣì wà nínú báàgì.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Ẹni tó fẹ́ àga á wá jókòó lórí àpótí kékeré kan láàárín yàrá iṣẹ́. Awẹ̀yìn á mú wáyà tó rọ̀, á máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọrùn ẹni náà dé ìdí, títí wáyà á fi mú ìrísí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò ní fọwọ́ kàn án. Wáyà nìkan ló máa kàn án. Á gbé wáyà kọ́ sára ìṣó lára ògiri. Ohun tí wáyà bá wí ni igi á gbà. Bí àga bá parí, tí onítọ̀hún bá fẹ̀yìn tì í, á dà bíi pé igi náà ti mọ̀ ọ́n láti kékeré.

Wáyà kún ògiri. Kò sí orúkọ lára ìkankan, kò sì ṣì wọ́n mú rí. Èyí ni olùkọ́ ìṣirò tí èjìká kan ga ju èkejì lọ. Èyí ni onídìrí tó ń tẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ gbọ́ àṣírí. Èyí tó wà nítòsí fèrèsé, ìyá rẹ̀ ni. Ìyá ti kú, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń ṣe tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe. Lẹ́yìn àga, níbi tí ẹni tó jókòó kò lè rí, á fín ọnà sára igi. Ọnà ti àga kan kò jọ ti òmíràn. Wọ́n bi í léèrè ìdí. Ó ní ẹni tó ń kọjá lẹ́yìn, òun náà ní ojú.

Ayé rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Búrẹ́dì àti tíì ló máa ń jẹ láàárọ̀, nínú ife kan náà, ife aláwọ̀ ewé. Ẹ̀wù rẹ̀ méje ni, gbogbo wọn rí bákan náà, ó sì ti tú àmì tí wọ́n rán mọ́ ọrùn wọn dànù nítorí pé ó ń yún un lára. Ó ní ohun tó fi ń bo etí tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ń kọjá. Bí igi méjì bá wọ inú ara wọn rẹ́gí láì dún, á ju ọwọ́ rẹ̀ fìrìfìrì bí ẹyẹ tó ń gbọn omi dànù. Nígbà kan, àwọn ará àdúgbò máa ń yọjú lójú fèrèsé láti fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ yẹn ni àmì pé àga kan ti dé sí ayé, wọ́n sì ń kí i kú oríire láti ìta. Kì í dáhùn. Wọn kì í bínú.

Dókítà àwọn ọmọdé kan ló kọ́kọ́ sọ fún ìyá rẹ̀, nígbà tí Awẹ̀yìn wà ní kékeré, pé ọ́tísíìmù ni orúkọ ohun tó mú ọmọ náà yàtọ̀. Ó ní kì í ṣe àrùn, kò sì nílò oògùn. Bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń gba ayé wọlé ló yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìyá bèèrè bóyá ọmọ náà á máa rẹ́rìn-ín. Dókítà ní á máa rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè bóyá á lè kọ́ iṣẹ́. Dókítà ní tó bá jẹ́ iṣẹ́ tó wù ú, àfi kí wọ́n máa fipá fà á kúrò nídìí rẹ̀. Ìyá ní ó tán, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n lọ sílé.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá rẹ̀, kò rò pé ó tán. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ràn ọmọ náà bí ènìyàn ṣe ń fẹ́ràn kọ́kọ́rọ́ tí kò mọ ilẹ̀kùn tó ń ṣí: kò lè sọ ọ́ nù, gbogbo ilẹ̀kùn tó bá sì rí ló fẹ́ kì í bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin tí Awẹ̀yìn ní ló ń gba oníbàárà. Pálọ̀ ló máa ń jókòó sí, Awẹ̀yìn á sì wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹnu ẹ̀gbọ́n dùn. Ó lè kí ènìyàn láti ẹnu ọ̀nà dé orí ìjókòó láì mí. Á bèèrè ọmọ, á bèèrè iṣẹ́, á dá sí ọ̀rọ̀ òjò àti oòrùn, kó tó mú wọn wọ yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í sọ̀rọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀, ó sì ń lọ déédéé.

Ni ilé iṣẹ́ tí ọkọ ẹ̀gbọ́n ti ń tún ẹ̀rọ amómitutù ṣe bá gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ọkọ ṣáájú lọ. Ìyàwó dúró, ó ń wo àbúrò. Oṣù wọnú oṣù. Ọkọ ò bínú, ṣùgbọ́n tó bá pè lórí fóònù, ó ti ń sọ irú oúnjẹ tó ń dá sè àti bó ṣe ń jóná.

Bàbá Kékeré wá. Ó ní òun ti rí ọ̀nà. Ilé iṣẹ́ ńlá kan wà tó ń ṣe àga, òun mọ ẹni tó wà níbẹ̀, wọ́n á gba ọmọ náà. Àga ni, kì í kúkú ṣe nǹkan mìíràn. Kí wọ́n ti ilé iṣẹ́ kékeré yìí pa, kí ìyàwó lọ bá ọkọ rẹ̀.

Awẹ̀yìn mọ ilé iṣẹ́ náà. Ó ti lọ wò ó rí. Àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ ń han bí ẹni tí wọ́n ń fà léyín, àga ibẹ̀ sì jọra wọn láti àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Ó bi wọ́n léèrè ẹ̀yìn ta ni wọ́n wọ̀n. Wọ́n ní ti gbogbo ayé ni. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ti bá a nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn pa nírọ̀lẹ́. Ó ní ibẹ̀ nìkan ló dákẹ́.

Ó wá sọ fún Bàbá Kékeré pé òun kò lọ. Òun á máa ṣiṣẹ́ òun níbí.

“Ta ló máa gba àwọn ènìyàn wọlé?”

“Èmi ni.”

“Ìwọ? Ìwọ tí mo kí níjẹta, tí o ní ‘mo gbọ́’?”

“Mo gbọ́ ni.”

Ẹ̀gbọ́n bojú kó má bàa rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ ọ́ síwá, wọ́n sọ ọ́ sẹ́yìn, wọ́n fẹnu kò: lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n á lọ wo ilé tí ọkọ rẹ̀ gbà, á sì padà nírọ̀lẹ́. Kí àbúrò dá wà. Tó bá lè gba oníbàárà kan wọlé, kan péré, tí ẹni náà kò bínú jáde, tó sì ní kó kan àga fún òun, ilé iṣẹ́ á dúró. Tí kò bá lè ṣe é, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Bàbá Kékeré á mú un lọ sídìí ẹ̀rọ.

Inú ilé ìdáná ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n á jáde sẹ́nu ọ̀nà, á wọlé bí oníbàárà, á sọ ti oníbàárà, á sì kọ́ ọ ní ohun tó máa fi dáhùn. Oòrùn ń mú lọ́sẹ̀ náà, ó sì fi oòrùn sí i, nítorí ó ní kò sẹ́ni tí kì í fẹ́ràn kí wọ́n bá òun ráhùn nípa oòrùn. Awẹ̀yìn bèèrè ohun tó yẹ kóun ṣe bí ẹni náà bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ̀gbọ́n ní wọn kì í sọ nǹkan mìíràn. Ọ̀rọ̀ ìkíni, ọ̀nà kan náà ni gbogbo ènìyàn ń gbà. Ó gbà á gbọ́. Ó há gbogbo rẹ̀ sórí. Kò há a ní ìlàjì; bí okùn kan ni ó gbé e sínú, tó bá sì fẹ́ gé e láàárín, gbogbo rẹ̀ á tú. Ẹ̀gbọ́n kò mọ èyí. Ohun tó gbọ́ ni pé ó ń dáhùn dáadáa, ó sì sùn fọkàn balẹ̀.

Sátidé dé, òjò ńlá dé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bá bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lọ. Awẹ̀yìn jókòó sí pálọ̀, lórí àga ẹ̀gbọ́n, tí kì í ṣe ìwọ̀n ẹ̀yìn tirẹ̀. Kò bá igi ṣeré láàárọ̀ yẹn. Ó ń wo ilẹ̀kùn, ètè rẹ̀ sì ń ka ohun tó há sórí.

Nígbà tó súnmọ́ ọ̀sán, ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin kan ni, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ó wọ aṣọ iṣẹ́, omi òjò ń kán láti orí rẹ̀ dé bàtà. Ó ti la ẹnu láti kí i. Awẹ̀yìn dìde, ó wo ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀. Ẹ káàárọ̀, ẹ kú àbọ̀. Ṣé dáadáa ni? A dúpẹ́. Àwọn ọmọ ńkọ́? Wọ́n wà. Oòrùn yìí mà pọ̀ o. Ó pọ̀ lóòótọ́, kò jẹ́ ká rímú mí. Kí lẹ fẹ́ kí a ṣe fún yín? Àga ni mo wá wò. Irú èwo? Èyí tó máa tù mí lára. Ẹ wọlé, ẹ wá jókòó.”

Ó dákẹ́. Ó parí. Kò gbàgbé ẹyọ kan.

Obìnrin náà wo ìta, níbi tí òjò ti ń lu òrùlé. Ó wò ó padà. Ó fi ọwọ́ nu omi kúrò lójú.

“Ọ̀gá, ẹ ti sọ tiyín, ẹ tún ti sọ tèmi. Kí ló wá kù fún mi?”

Awẹ̀yìn rò ó. Èyí kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ ọ.

“Ìjókòó ló kù.”

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Ó ní òun kò tíì bímọ, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ òun pé wọ́n wà. Láti ìdájí lòun ti ń gbọ́ ẹjọ́ èrò, ẹni tí kò ní ṣẹ́ńjì, ẹni tó fẹ́ sọ̀ níbi tí kò sí ibùdókọ̀. Kò sẹ́ni tó bá òun sọ tòun rí. Ó ní, “Ẹ ṣeun. Ibo ni kí n jókòó sí?”

Ó mú un wọ yàrá ẹ̀yìn. Obìnrin náà jókòó sórí àpótí. Awẹ̀yìn mú wáyà. Bó ṣe di pé ẹ̀yìn ló ń wò báyìí, ara rẹ̀ balẹ̀. Òjò ń rọ̀, yàrá náà dákẹ́, obìnrin náà sì dákẹ́ pẹ̀lú. Ó ti ojú rẹ̀ dé. Nígbà tí wáyà dé ìbàdí, Awẹ̀yìn dúró.

“Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni bíréèkì yín wà.”

“Ibẹ̀ náà ni ti gbogbo ọkọ̀ wà.”

“Tiyín ń le. Ẹ máa ń gbé ìdí sókè kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.”

Obìnrin náà ní òun ti ń sọ fún wọn ní gáréèjì, wọ́n ní nǹkan kan kò ṣe bíréèkì, pé òun lòun ń darúgbó.

Ó wá ku ibi tó le. Nígbà tí wọ́n padà sí pálọ̀, obìnrin náà rí àga kan tó dúró sí kọ̀rọ̀, aláwọ̀ pupa rẹ̀súrẹ̀sú, ó ní irú rẹ̀ gan-an lòun fẹ́. Ẹ̀gbọ́n ì bá ti ní ó dára, ojú yín mọ nǹkan, kó tó wá ọ̀nà yí i lérò padà. Awẹ̀yìn kò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ gba ọ̀nà àyíká. Ó ní àga ẹlòmíràn ni. Obìnrin náà ní òun kò ní gbé e lọ, kó ṣe irú rẹ̀ ni. Awẹ̀yìn ní tóun bá ṣe irú rẹ̀, ẹ̀yìn á máa dùn ún, á sì máa bú òun. Obìnrin náà di ọwọ́ mọ́ ìbàdí, ó wò ó bí ẹni ń wo èrò tó fẹ́ sọ̀ láìsanwó. Awẹ̀yìn ń wo bàtà rẹ̀. Kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀.

Obìnrin náà ní, “Ó dáa. Ṣùgbọ́n pupa ni kẹ́ ẹ kùn ún.”

“Pupa ni.”

Awẹ̀yìn wá bi í ibi tí ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń gbà ti yí. Obìnrin náà fi ìka fà á fún un lórí tábìlì pẹ̀lú omi òjò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: ibí ló ti ṣẹ́ kọ́nà, ibí ló ti gun òkè, ibí ni afárá. Kò bèèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun á padà wá tí iṣẹ́ bá parí nírọ̀lẹ́, nítorí ẹnì kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ burú ju tòun lọ. Ó jáde sínú òjò.

Bàbá Kékeré ló kọ́kọ́ dé nírọ̀lẹ́. Ó jókòó sórí àpótí nínú yàrá ẹ̀yìn, ó ní kó ròyìn. Awẹ̀yìn kò lè purọ́; kì í ṣe pé kò fẹ́, kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀, títí kan oòrùn. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń wọlé ló bá apá ibi tí oòrùn wà. Ó gbé báàgì sílẹ̀. Ó ní, “O sọ tèmi náà?”

“Gbogbo rẹ̀ ni ẹ kọ́ mi.”

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ borí. Bàbá Kékeré mi orí. Ó ní òun ò fẹ́ bínú sí ẹnikẹ́ni, àmọ́ obìnrin yẹn á ti lọ sọ fún gbogbo gáréèjì pé wèrè ló ń kan àga níbí, àti pé ẹni tó bá ní òun ń padà bọ̀ nínú òjò, ọ̀nà àtijáde ló ń wá. Ó ní Mọ́ńdè kò jìnnà.

Awẹ̀yìn ń wo ilẹ̀. Ó ní, “Mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Kì í ṣe tèmi. Ẹni tó bá wọlé, màá ní kó jókòó.”

“A kì í gba àlejò bẹ́ẹ̀,” Bàbá Kékeré ní. “Ènìyàn kì í ṣe igi.”

Ilẹ̀kùn pálọ̀ ṣí. Ohùn awakọ̀ náà ni wọ́n gbọ́, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń bọ̀.

“Má wulẹ̀ kí i o. Ó ti bá gbogbo wa kí ara wa láàárọ̀. Ṣáà jókòó, kí o panu mọ́, o ò ní gbà gbọ́ bó ṣe tuni lára tó.”

Wọ́n wọlé. Ọkùnrin tó tẹ̀ lé e ga, ó sì tẹ̀ bí ìṣó tó ti wọ́. Awakọ̀ bíi tirẹ̀ ni. Ó wo yàrá, ó wo wáyà lára ògiri, ó la ẹnu, obìnrin náà sì fi ìgúnpá gún un. Ó pa ẹnu dé. Ó ń wá ibi tó máa jókòó sí.

Ìjókòó kan ṣoṣo ló wà, Bàbá Kékeré ló sì wà lórí rẹ̀.

“Bàbá Kékeré,” Awẹ̀yìn ní, “ẹ dìde.”

Kò sí ẹni tó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá Kékeré rí nínú ẹbí. Ó wo ẹ̀gbọ́n, bóyá ẹ̀gbọ́n á bá a wí. Ẹ̀gbọ́n ń wo ògiri. Ó wo awakọ̀ obìnrin, tó ń fi ọwọ́ hàn án pé kó tètè ṣe. Bàbá Kékeré dìde. Ọkùnrin gíga náà jókòó, ó sì ti ojú rẹ̀ dé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Awẹ̀yìn mú wáyà tuntun. Àwọn mẹ́rin dúró nínú yàrá kan náà, wọn ò gbin. Bàbá Kékeré gan-an ń fi imú mí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni wà níbi tí ọmọ ti ń sùn.

Nígbà tí àwọn awakọ̀ lọ tán, Bàbá Kékeré gbé agboòrùn rẹ̀. Ó ní òun á bá ẹni tó wà ní ilé iṣẹ́ ńlá sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi ààyè náà fún ẹlòmíràn. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní ṣùgbọ́n kí ọmọ náà ṣáà máa sọ pé “ẹ káàbọ̀”, ẹyọ kan péré, nítorí Ọlọ́run. Awẹ̀yìn ní òun á rò ó.

Ẹ̀gbọ́n kó ẹrù rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó sunkún díẹ̀, ó tún fọ ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Awẹ̀yìn kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó ń sunkún, ó bá a nu ife.

Nísinsìnyí, tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bá dilẹ̀ lọ́hùn-ún nírọ̀lẹ́, á pè. Awẹ̀yìn á gbé fóònù sórí tábìlì iṣẹ́, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́ ọ̀bẹ tí ẹ̀gbọ́n fi ń gé nǹkan, omi tó ń hó, ìdérí ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n náà ń gbọ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí Awẹ̀yìn ń fín ọnà sẹ́yìn àga pupa, ọ̀nà bọ́ọ̀sì pẹ̀lú òkè rẹ̀ àti afárá rẹ̀, bó ṣe ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ó gbọ́ tí ọkọ ẹ̀gbọ́n wọlé, tó bi ìyàwó rẹ̀ pé ta ló wà lórí fóònù.

“Àbúrò mi ni.”

“Kí ló ń sọ?”

“Ó ti dé orí afárá,” ẹ̀gbọ́n ní. “Rọra, jẹ́ kí n gbọ́.”